Ìpolówó tó ń wọni lọ́kàn, ìkànnì tó ń lé àlejò

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo ní, àga àti tábìlì la ń ṣe. Títí dòní ni mo rántí orin ìpolówó kan tí mo máa ń gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ kan kò sì yẹ̀ lórí mi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó ṣe ìkànnì wa ṣe é bí ìpolówó. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ń kọ́kọ́ jáde, orin á máa lọ, àwòrán á máa yí. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní ó rẹwà. Àmọ́ àwọn tó ń dé ibẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń pè wá. Kí ló dé tí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́ níbí? Ṣé kí n sì ṣe orin ìpolówó tèmi náà?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú làálàá o. Àṣìṣe tí ẹ ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí, owó oníbàárà ni mo sì fi ṣe é. Màá sọ ìtàn yẹn tó bá yá.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí a fi ń pe nǹkan yìí lédè wa: ìpolówó. Ẹni tó ń polówó ni ẹni tó gbé ọjà rẹ̀ rù, tó ń kiri, tó ń ké bó ṣe ń kọjá lọ. Ẹni tó ń gbọ́ igbe rẹ̀ jókòó sínú ilé, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe, kò ránṣẹ́ pè é. Kí ohùn olùkiri tó kọjá, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló ní, nítorí náà igbe rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tó ń tà. Ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ń wo eré lẹ ń dá lọ́wọ́ kọ́.

Ẹni tó dé orí ìkànnì yín ńkọ́? Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ti kan ilẹ̀kùn, ohun tó ń wá sì wà lọ́kàn rẹ̀: èló ni tábìlì, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà wo ni yóò pè. Ẹ̀yin ti di onílé, òun ti di àlejò. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, tí onílé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń polówó ara rẹ̀ fún un, tí kò jẹ́ kó wọlé, àlejò á yí padà ni. Àwọn tó ń kúrò lórí ìkànnì yín kò kórìíra àga yín. Wọn kò tíì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, nítorí pé ẹ máa nílò ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún orin tí ẹ bèèrè.

Ìpolówó tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí òfin fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà jáde ní New York ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 1941, kí eré baseball kan tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bulova tó ń ṣe aago ló ni ín, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ: ojú aago, àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti gbólóhùn kan tó ní aago Bulova ni Amẹ́ríkà fi ń rìn. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí àwàdà, kò sí gbajúmọ̀ òṣèré. Síbẹ̀ ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìpolówó olówó gọbọi òde òní kò ní, ìyẹn ni pé kò sí bí ẹ ṣe máa rántí àwòrán náà kí ẹ gbàgbé orúkọ tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1955, ọṣẹ ìfọyín Gibbs SR ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n fi ọṣẹ náà sínú yìnyín gbàgìdì kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn gbà gbọ́ ni pé ó ń mú ẹnu tutù nini. Yìnyín yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó bá rántí yìnyín ti rántí ọ̀rọ̀ náà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé kí ìpolówó jẹ́ mánigbàgbé ti tó. Ẹ gbọ́ ìtàn ehoro onílù. Ní ọdún 1973 ni Duracell bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ehoro ìṣeré tó ń lu ìlù láti fi hàn pé bátìrì wọn ń pẹ́ ju ti ẹlòmíì lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Energizer tó ń bá wọn du ọjà gbé ehoro tiwọn jáde láti fi tiwọn ṣẹ̀fẹ̀. Ó wọ awò dúdú, ó ń lu ìlù ńlá, ó sì ń já lu àwọn ìpolówó mìíràn láàárín bí ẹni tí kò mọ̀nà ilé. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àìmọye àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń sọ pé ìpolówó Duracell ni. Energizer ń náwó, ẹni tí wọ́n ń bá jà ń jẹ lára oore rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń ṣe fún ìpolówó kó tó jáde. Màá ní kí ẹni tó wò ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún mi láì dárúkọ ọjà. Bó bá lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò sì dákẹ́ lójijì, ìtàn náà kò nílò ọjà yẹn rárá. Ìtàn tó dáa kì í ṣeé sọ láì mẹ́nu ba ọjà, bí ẹni ń sọ ìtàn ìjàpá tí kò gbọdọ̀ dárúkọ ìjàpá. Ìdí kan náà ni mo fi ń ṣọ́ra fún gbajúmọ̀ òṣèré. Àwọn olùwòran á rántí rẹ̀, wọ́n á rántí aṣọ tó wọ̀, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé kí ló ń tà ná.

Àtúnsọ ló kù. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n sí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò: ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo iye tó kù lẹ́yìn wákàtí mélòó kan àti lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1885. Ìgbàgbé a máa yára ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a máa fàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a tún há ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń pẹ́ lọ́kàn ju ohun tí a kó há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Orin ìgbà èwe tí ẹ kò gbàgbé yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ nígbà tó lé ní igba, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ní 1968, Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé bí ojú wa ṣe ń rí nǹkan lemọ́lemọ́ tó ni a ń fẹ́ràn rẹ̀ tó, kódà bí a kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn baba wa kò dúró de 1968 kí wọ́n tó sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Orin wá ń fi kún un, nítorí pé ìlù àti ohùn ń di ọ̀rọ̀ mú kó má tú ká. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ohùn á mú un wá. Kódà orin tí kò lọ́rọ̀ ń ṣe é: ohùn ìpolówó Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí Walter Werzowa ṣe ní 1994 kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ ọ lójú oorun á mọ̀ ọ́n. Ní èdè olóhùn bíi tiwa, iṣẹ́ náà le sí i. Bí orin bá gbé orúkọ ọjà gba òkè níbi tó yẹ kó ti lọ sílẹ̀, orúkọ náà ti di nǹkan mìíràn. Mo ti gbọ́ orin ìpolówó tí wọ́n túmọ̀ wá sí Yorùbá láì yí ohùn rẹ̀ padà. Àwọn ọmọdé nìkan ló ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi ọjà náà rẹ́rìn-ín ni.

Àwọn oníbàárà mi máa ń fi ìpolówó Apple bá mi jiyàn, èyí tí Ridley Scott darí, tó jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, ọdún 1984. Wọ́n á ní, "Wọn kò fi kọ̀ǹpútà hàn, gbogbo ayé ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó parí rẹ̀ sọ orúkọ Macintosh, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò jáde, ọjọ́ méjì péré sí ìgbà náà. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n sì tún gbé e sáfẹ́fẹ́ bí ìròyìn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó fi ọjà rẹ̀ hàn.

Ó yá, ó kan ìkànnì, ó sì kan ìtàn mi.

Nígbà tí Flash, ètò tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn lórí ìkànnì, ń jọba (Adobe tó ni ín dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìparí 2020, mi ò sunkún), ilé iṣẹ́ kan ní kí n ṣe ìkànnì fún wọn. Mo ṣe fíìmù kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òòrùn ń yọ, lẹ́tà ń fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrè ń dún. Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan tó ń ra ọjà lọ́dọ̀ wọn, mo ní kó wá nọ́ńbà fóònù wọn fún mi. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó bí ẹni ń wo aládùúgbò tó ń ṣe àṣejù. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó máa tó parí?" Bọ́tìnì kékeré tí mo fi pamọ́ sí igun ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n lè fi fo fíìmù náà, ni wọ́n tẹ̀ jù lọ ní gbogbo ìkànnì yẹn. Èmi ni mo mú un kéré.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi "ó rẹwà" tí àwọn èèyàn ń sọ fún yín ṣe ẹ̀rí. Ní 2006, Gitte Lindgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi ojú ìwé ìkànnì han àwọn èèyàn fún ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìgbà kúkurú yẹn tí ojú kò lè ka ọ̀rọ̀ kankan, wọ́n ti mọ èyí tó wù wọ́n, ìdájọ́ wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn tó wò ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹwà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí ìkànnì tó rí jákujàku kò ní jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán yín. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ka ohunkóhun ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹwà tán. Ẹjọ́ yẹn kò sọ bóyá wọ́n á rí iye tábìlì.

Ẹ wá wo fídíò yín ná. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ṣàlàyé ààlà mẹ́ta ní 1993. Bí kọ̀ǹpútà bá dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, èèyàn á rò pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 1, á mọ̀ pé òun ń dúró, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀. Bó bá ti tó 10, ọkàn ti lọ síbòmíràn. Fídíò yín jẹ́ 20, tí a kò bá tilẹ̀ ka ìgbà tó fi ń gúnlẹ̀ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò já gaara. Lórí tẹlifíṣọ̀n, 20 kéré, nítorí pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti gbà láti jókòó. Lórí ìkànnì, ìka ń bẹ lórí bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn.

Àwọn àwòrán tó ń yí ńkọ́? Èyí ló máa yà yín lẹ́nu jù. Ìpolówó àkọ́kọ́ tí wọ́n nà gbọọrọ sókè ojú ìwé ìkànnì jáde lórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ HotWired ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1994. Nígbà tó fi máa di 1998, Jan Benway àti David Lane ti rí i nínú ìwádìí wọn pé àwọn tó ń wá nǹkan lórí ìkànnì kì í rí ohun tí a kọ gàdàgbà sínú àpótí aláwọ̀ mèremère, kódà bó jẹ́ pé inú àpótí náà gan-an ni ohun tí wọ́n ń wá wà. Ojú ti kọ́ láti fo ohunkóhun tó bá jọ ìpolówó. Bí ẹ ṣe ń ṣe tábìlì yín lọ́ṣọ̀ọ́ tó lójú ìkànnì, bẹ́ẹ̀ lẹ ń fi í pamọ́ tó.

Orin tó ń dá bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á lónìí. Ìlànà àgbáyé lórí bí ìkànnì ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn fún gbogbo èèyàn, títí kan afọ́jú, sọ pé ohùn tó bá ń dá dún ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ ní ohun tí a lè fi dá a dúró. Afọ́jú ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ìkànnì sí i létí. Orin yín àti ẹ̀rọ náà á jọ máa sọ̀rọ̀ ni. Ìlànà yẹn kan náà ló ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ohun tí a kọ ọ́ sí tó 4.5 sí 1. Lẹ́tà eérú lórí funfun tí àwọn ayàwòrán ìgbàlódé fẹ́ràn kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì dúró sínú oòrùn pẹ̀lú fóònù kò ní rí nǹkan kan.

Ibòmíràn tí ìkànnì fi ń yàtọ̀ sí ìpolówó ni ọ̀rọ̀ àrà. Nínú ìpolówó, àrà lẹ fẹ́. Ní 1933, Hedwig von Restorff, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ láàárín àwọn tó jọra ló ń dúró lọ́kàn. Ti ìkànnì yàtọ̀. Orí ìkànnì àwọn ẹlòmíì ni àlejò yín ti ń lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ wà lókè, pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ òun á padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, pé ọ̀rọ̀ tí a fà ilà sí nídìí ń gbéni lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá yí gbogbo èyí padà kí ẹ lè dá yàtọ̀, ṣe lẹ ń ní kó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé náà rí bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹ wá fi ìmọ̀ von Restorff sí ibì kan péré: bọ́tìnì tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀. Òun nìkan ni kó ní àwọ̀ tó ta yọ. Bọ́tìnì mẹ́fà tó jọ ń kígbe kò sí èyí tí etí máa gbọ́ nínú wọn.

Ẹ má sì béèrè orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú sí ìkànnì yín, mo sì rí i pé ó ní kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó wo iye ọjà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ìkànnì HealthCare.gov tí àwọn èèyàn yóò ti máa ra ìbánigbófò ìlera. Ó dẹnu kọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó fà á pọ̀, àmọ́ ọ̀kan tó ṣe kókó ni pé ẹni tó kàn fẹ́ wo iye owó lásán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì, gbogbo èrò ló bá há sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Èèyàn mẹ́fà péré ló rí i ṣe parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìjọba tún un ṣe, ó ní owó tó lè fi tún un ṣe. Àlejò yín kò ní dúró de àtúnṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ yọ fídíò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá wù yín, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, kó dákẹ́ títí ẹnì kan á fi tẹ̀ ẹ́. Àwòrán tábìlì kan tó mọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ohun tí ẹ ń ṣe, iye rẹ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, àti nọ́ńbà tí ìka lè tẹ̀ kó pè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èèyàn márùn-ún tí kò rí ìkànnì náà rí. Nielsen ní márùn-ún tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù, ohun tí ojú mi ti rí sì bá tirẹ̀ mu. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan, ẹ ní "Ẹ bá mi wá tábìlì tí èèyàn mẹ́fà lè jókòó sí," kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́. Èyí ló nira jù. Ọwọ́ yín á máa yún yín láti tọ́ka sí bọ́tìnì fún wọn. Ẹ jókòó lé e.

Ní ti orin, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe é. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, kí orúkọ ilé iṣẹ́ yín wà nínú ẹsẹ rẹ̀ kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ohùn orin sì máa tẹ̀ lé ohùn orúkọ náà. Ẹ kọ ọ́ sétí ọmọdé kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ wá bi í lọ́jọ́ kejì. Bó bá kọ ọ́ tán tó gbàgbé orúkọ, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fídíò kéékèèké tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn ni ààyè rẹ̀. Lórí ìkànnì, àwọ̀ àti orúkọ tí wọ́n rí nínú ìpolówó náà ni kí wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn kò ṣìlé.

Bí ẹ bá ti yọ fídíò yẹn kúrò, ẹ fi ìkànnì náà ránṣẹ́ sí mi. Fóònù mi tó ti gbó ni màá fi wò ó, níta gbangba, lọ́sàn-án gangan.